Àléébù Ni À Ń Wá Kí A Tó Pààrọ̀ Ẹ̀yà: Ìlànà Àtúnṣe Píkọ́ọ̀pù Fóò-Wíìlì Àtijọ́ ní Agbègbè Ìkógòsì-Èkìtì

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń wá àléébù ara píkọ́ọ̀pù fóò-wíìlì àtijọ́ rí àti bí a ṣe ń tún un ṣe, ní àyíká olókè tí ó yí Ìkógòsì-Èkìtì ká. Kókó rẹ̀ ni pé wíwá ìdí àìsàn ọkọ̀ gan-an ni iṣẹ́ mẹkáníìkì. Pípààrọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Ìṣòro márùn-ún ni ó yẹ̀ wò: ọkọ̀ tí kò jí, ẹ́ńjìnnì tí ń gbóná jù, èéfín, fóò-wíìlì tí kò ṣiṣẹ́, àti bíréékì. Ní ìparí, ó tọ́ka sí ipa tí èdè Yorùbá ń kó nínú ìmọ̀ yìí.

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iṣẹ́ mẹkáníìkì, nítorí pé ohun tí ọkọ̀ ń fi hàn síta kì í sábà jẹ́ gbogbo ohun tí ń ṣe é nínú. Ẹ́ńjìnnì lè máa gbóná, kí ó sì jẹ́ pé bẹ́líìtì ni ó dẹ̀. Ọ́ìlì lè máa ṣàn sára bíréékì ẹ̀yìn, kí ó sì jẹ́ pé ihò kékeré kan tí ẹrẹ̀ dí ni ó fa gbogbo wàhálà náà. Mẹkáníìkì tí kò bá wo ẹ̀yìn ẹ̀fà yóò máa pààrọ̀ ẹ̀yà kan lẹ́yìn òmíràn, owó ọlọ́kọ̀ yóò máa tán, àìsàn yóò sì wà níbi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ìkógòsì àti Aràmọkọ wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Ìjerò sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn. Gbogbo àyíká yìí ni òkè yí ká. Ọ̀nà tí ó so Erinjiyàn, Ìkógòsì, Ìpólé-Ìlórò àti Ẹ̀fọ̀n pọ̀ ń gun òkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà oko tí ó ya kúrò lára wọn a máa di ẹrẹ̀ nígbà òjò, a sì di eruku nígbà ọyẹ́. Píkọ́ọ̀pù ni ó ń kó kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu àti pákó jáde láti inú oko wọ̀nyí, àwọn ènìyàn a sì tún máa jókòó lé ẹrù náà lórí. Bí bíréékì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọṣẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ̀mí ni yóò bá a lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìlànà ìwádìí àléébù yé ọlọ́kọ̀, awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ bákan náà.

2. Irú Ọkọ̀ Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Land Rover, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948, wà lára àwọn ọkọ̀ fóò-wíìlì tí ó kọ́kọ́ di mímọ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe píkọ́ọ̀pù Hilux ní ọdún 1968, oní-fóò-wíìlì rẹ̀ sì dé ní ìparí àwọn ọdún 1970. Hilux àtijọ́ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó kan Hilux kan Nissan, Mitsubishi àti Land Rover àtijọ́ pẹ̀lú.

Nínú ọkọ̀ lásán, táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nínú fóò-wíìlì, àpótí kejì kan wà lẹ́yìn àpótí gíá, tí ó ń pín agbára sí ọ̀nà méjì: ọ̀pá kan lọ sí ẹ̀yìn, ọ̀pá kejì lọ sí iwájú. Àwọn ọ̀pá méjèèjì yìí ni wọ́n ń pè ní pùrọ̀pẹ́là. Ọ̀pá gíá kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ní àmì mẹ́ta tí ó ṣe pàtàkì. H2 ni ti ọ̀nà ọ̀dà. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. H4 ni ti ẹrẹ̀ àti ọ̀nà tí ń yọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n eré tí ó mọ níba. L4 ni ti òkè gíga tàbí kòtò. Ọkọ̀ yóò máa rìn wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ yóò pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́, họ́ọ̀bù kan tún wà ní àárín táyà iwájú kọ̀ọ̀kan tí a gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yí láti FREE sí LOCK kí agbára tó lè dé inú táyà náà.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní kọ̀ǹpútà púpọ̀ nínú. Ohun tí ó ń ṣe wọ́n ni ojú lè rí, etí lè gbọ́, ọwọ́ sì lè fọwọ́ bà. Ní ọdún 2003, ètò tẹlifíṣọ̀n Top Gear ti BBC mú Hilux ọdún 1988 kan tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n rì í sínú omi, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì gbé e sí orí ilé gíga kan tí wọ́n wó lulẹ̀. Lẹ́yìn ìyà kọ̀ọ̀kan, mẹkáníìkì fi irinṣẹ́ rẹ̀ jí i. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé irin rẹ̀ lágbára nìkan. Ẹni tí ó ń tún un ṣe kò ní ẹ̀yà tuntun tí yóò sáré lọ rà. Ó di dandan fún un láti wá ibi tí ọ̀ràn wà gan-an.

3. Ìlànà Ìwádìí

Ìwádìí àléébù bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀kọ́ kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. "Bàbá, ìgbà wo ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà? Ṣé nígbà tí ẹ ń gun òkè ni, àbí nígbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀? Ṣé ẹrù wà lẹ́yìn? Ta ni ó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kẹ́yìn, kí sì ni ó ṣe sí i?" Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe kókó, nítorí pé ọ̀pọ̀ àìsàn tuntun ni ó máa ń jáde láti inú àtúnṣe àná.

Lẹ́yìn ẹnu ni ojú, etí, imú àti ọwọ́. Ojú yóò wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ bóyá omi tàbí ọ́ìlì kán sílẹ̀. Imú mọ òórùn láínìnì tí ó jóná yàtọ̀ sí òórùn wáyà tí ń jó. Etí lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ariwo tí ó ń tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì àti èyí tí ó ń tẹ̀lé táyà: bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ariwo ń bá a lọ, kò lè jẹ́ ti táyà. Ọwọ́ yóò fi mọ họ́ọ̀bù tí ó gbóná ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn ìrìn àjò.

Òfin mẹ́ta ni ó tẹ̀lé èyí. Èkíní, kí a ti ara ohun tí kò náni lówó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán an wò; ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tí ó wo ọkọ̀ náà sàn. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Kí wọ́n fi igi tí ó nípọn tàbí irin agbọ́kọ̀dúró sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi òkúta dí táyà tí ó kù nílẹ̀.

4. Ọkọ̀ Tí Kò Jí

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọkọ̀ ń gbà kọ̀ láti jí, ìwòsàn wọn kò sì jọra. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan, tàbí tí ó gbọ́ "ká" lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó tan iná iwájú kí ó tó tún kọ́kọ́rọ́ yí. Bí iná náà bá ṣókùnkùn lójú ẹsẹ̀, bátìrì ni kò lágbára tàbí kí orí rẹ̀ ti dípẹtà. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin tó láti fọ ìdípẹtà náà kúrò. Bí iná bá mọ́lẹ̀ rokoṣo tí ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti kíkì tàbí wáyà tí ó lọ sídìí rẹ̀. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, wáyà nípọn kan tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ irin ara ọkọ̀ sábà máa ń dípẹtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó. Ọ̀pọ̀ kíkì ni wọ́n ti tú sílẹ̀ nítorí wáyà yìí nìkan.

Ọ̀nà kejì ni pé kíkì ń yí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò gbiná. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, ohun méjì ni kí a béèrè: ṣé epo ń dé, ṣé iná ń tà lórí púlọ́ọ̀gì? Bí ó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, kò sí púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná. Ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ni ó ń gbiná. Púlọ́ọ̀gì amóoru nìkan ni ó wà, èyí tí ń mú inú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ó tó jí. Bí ọkọ̀ bá ń ṣòroó jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń jí wẹ́rẹ́ ní ọ̀sán, kí a fura sí i.

Ọ̀nà kẹta wọ́pọ̀ jù fún dísẹ́ẹ̀lì: afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù epo. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí epo bá tán pátápátá, tàbí lẹ́yìn pípààrọ̀ asẹ́ epo. Páńpù ọwọ́ kékeré kan wà lórí asẹ́ náà. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kí a máa tẹ páńpù náà títí epo yóò fi ṣàn láìní ìfófòó, kí a wá dè é padà. Bí ó bá tún rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibì kan wà tí páìpù ti ń fa afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ọwọ́ sí iwájú nọ́súlù tí ń tú dísẹ́ẹ̀lì. Agbára tí ó fi ń tú u lè gún awọ ara wọlé.

5. Ẹ́ńjìnnì Tí Ń Gbóná Jù

Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá láti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pàdé. Rédíétọ̀ ń ṣe ohun tí ó fẹ́ jọ ọ́: omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì wọ inú rẹ̀ láti òkè, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó sì jáde ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ooru tí ó dínkù. Ṣùgbọ́n omi ẹ́ńjìnnì kì í ṣe èyí tí a ń wẹ̀. Ìwọ̀n 80 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ooru rẹ̀ nígbà tí ara ọkọ̀ le koko. Ìdérí rédíétọ̀ ni ó ń fún omi náà pọ̀ kí ó má baà hó ní 100. Pẹ̀lú ìdérí tí ó dára, ó lè dé nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó fi lè mú ọkọ̀ hó lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ìdérí kò wọ́n. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná.

Ìgbà tí ooru ń dé ni ó ń sọ ibi tí àléébù wà. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná nígbà tí ó ń fà díẹ̀díẹ̀ lórí òkè tàbí tí ó dúró lójú kan, ṣùgbọ́n tí ó ń tutù nígbà tí ó bá sáré, afẹ́fẹ́ ni kò tó: kí a wo fáánù, bẹ́líìtì rẹ̀, àti ojú rédíétọ̀ bóyá ẹrẹ̀ àti kòkòrò ti dí i. Bí ó bá ń gbóná nígbà tí ó ń sáré, omi ni kò lọ geerege: inú rédíétọ̀ lè ti dí, tàbí kí páńpù omi ti jẹ. Bí ó bá ń da omi síta ní kété tí ó jí, tí ìfófòó ń yọ nínú rédíétọ̀, tàbí tí ọ́ìlì rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ mímu, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí a wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó gbẹ̀yìn nínú ètò yìí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ohun méjì wà tí ó yẹ kí a kìlọ̀ lé lórí. Àkọ́kọ́ ni yíyọ tómósítáàtì dànù, èyí tí ó ti di àṣà. Tómósítáàtì ni ìlẹ̀kùn tí ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi móoru dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní i máa ń pẹ́ kí ó tó móoru, ó ń mu epo, ó sì ń tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun kan náà ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá pa fún omi. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi gbígbóná kan yóò máa gba ọ̀nà àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, ooru yóò sì pọ̀ sí i. Èkejì ni omi odò àti omi ìsun. Èròjà ilẹ̀ tí ó wà nínú wọn a máa di èépá sára páìpù rédíétọ̀. Bí kò bá sí omi rédíétọ̀ tí wọ́n ń tà, omi òjò tí a sẹ́ dára jù wọ́n lọ.

6. Èéfín Gẹ́gẹ́ Bí Àmì

Awọ èéfín jẹ́ èdè tí ẹ́ńjìnnì fi ń sọ̀rọ̀. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní àkókò ọyẹ́, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí eruku dí ni kí a kọ́kọ́ yọ wò, kí á tó dé orí nọ́súlù. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Bí ó bá jáde fún ìgbà díẹ̀ ní òwúrọ̀ nìkan, síìlì fáàfù ni kí a fura sí. Bí ó bá ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ń fa ẹrù, rìǹgì písítìnì ti jẹ. Èéfín funfun ní òwúrọ̀ tí ó sì ń parẹ́ lẹ́yìn náà jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán. Ṣùgbọ́n bí funfun náà kò bá lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù láìsí ibi tí ó ń jò, omi ni ó ń wọ ibi tí iná ń jó.

7. Fóò-Wíìlì Tí Kò Ṣiṣẹ́

Bí awakọ̀ bá fi gíá sí H4 tí táyà iwájú kò sì fa nǹkan kan nínú ẹrẹ̀, họ́ọ̀bù ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀kan bá wà ní LOCK tí èkejì sì wà ní FREE, agbára yóò gba ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà ní FREE lọ dànù. Bí méjèèjì bá wà ní LOCK, kí a gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí a fi ọwọ́ yí táyà kọ̀ọ̀kan; ọ̀pá inú gbọ́dọ̀ bá a yí. Họ́ọ̀bù tí omi òjò wọ̀ a máa dípẹtà. Ó ṣeé tú, ó ṣeé fọ̀, ó sì ṣeé kùn ní gíríìsì díẹ̀ láìra òmíràn.

Ìlòkulò ni ó ń ba fóò-wíìlì àtijọ́ jẹ́ jù. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n àpótí tí ń pín agbára ti so wọ́n pọ̀. Lórí ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀ díẹ̀ láti fi dọ́gba. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò lè yọ̀, irin inú yóò sì máa lọ́ ara wọn. Èyí ni ó ń mú kí ọ̀pá gíá kékeré há, tí awakọ̀ fi ń rò pé ó ti bàjẹ́. Kí ó fi ọkọ̀ rin sẹ́yìn díẹ̀ ní ọ̀nà tààrà, yóò sì tú.

Ariwo pẹ̀lú ní ìtumọ̀. "Gbì" lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a bá ju kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ máa ń ti ara kúróòsì pùrọ̀pẹ́là wá. "Kẹ́-kẹ́-kẹ́" nígbà tí a bá yí kọ́nà pẹ̀lú họ́ọ̀bù ní LOCK jẹ́ ti oríkèé ọ̀pá iwájú. Bí táyà iwájú bá ń mì, kí a gbé e sókè, kí a di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí a mì í, kí ẹnì kejì sì tẹ bíréékì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́, bẹ́ríǹgì táyà ni. Bí ó bá ń bá a lọ, oríkèé tí táyà fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ni ó jẹ. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú méjì yìí lè gba ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́ owó bẹ́ríǹgì tí kò ṣe é ní nǹkan.

8. Bíréékì

Òkèèrè ni a ti í wo igi gogoro kí ó má baà gún ni lójú. Bíréékì kì í kọṣẹ́ láìkìlọ̀. Àìgbọ́ ìkìlọ̀ ni ó ń pa ènìyàn. Bí pẹ́dà bá rọ̀ bí kànìnkànìn, afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Bí ó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò sì sí ibi tí ó ń jò, rọ́bà inú páńpù ńlá bíréékì ti jẹ. Bí ó bá le bí òkúta tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, ẹ̀rọ tí ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ ni kò gba ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́.

Kókó ìkẹyìn yìí fẹ́ àlàyé. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ ti Toyota, páńpù kékeré tí ń fa afẹ́fẹ́ fún bíréékì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń gbé iná sínú bátìrì. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí ẹ̀rọ yìí, fáánù àti páńpù omi. Nítorí náà, bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa bátìrì yóò tàn, ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bíréékì yóò sì le. Awakọ̀ tí ó rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹrù kòkó, ti fi ẹ̀mí wewu. Ó yẹ kí ó dúró lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀ràn ihò tí a dárúkọ ní ìfáàrà náà tún wà. Lórí irin gígùn tí ó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì dúró, ihò èémí kékeré kan wà. Nígbà tí ọ́ìlì inú irin náà bá gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, afẹ́fẹ́ yóò ti ọ́ìlì gba ara síìlì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù, láínìnì yóò sì rẹ sínú ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tí ó pààrọ̀ síìlì láìla ihò náà yóò tún un pààrọ̀ láìpẹ́. Wáyà tín-ín-rín kan àti bẹntiróòlù díẹ̀ ni ó gbà láti là á. Láínìnì tí ọ́ìlì ti rin kò ṣeé sá sóòrùn lò. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ́ìlì bíréékì pẹ̀lú ń gbó, nítorí pé ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3 kì í hó kí ó tó dé ìwọ̀n 205 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 140. Nígbà tí ó bá hó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ́dà yóò wọlẹ̀ láìdá nǹkan kan dúró. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí òróró oúnjẹ dípò rẹ̀, nítorí pé yóò mú rọ́bà inú bíréékì wú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gíá tí ọkọ̀ fi gun òkè ni ó yẹ kí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni kí ó dá ọkọ̀ dúró; kí bíréékì kàn ràn án lọ́wọ́.

9. Ipa Tí Èdè Ń Kó

Ìmọ̀ tí a yẹ̀ wò yìí kò sí nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó. Èdè Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, èdè náà sì ti rí ọ̀nà gba iṣẹ́ yìí mọ́ra. Ó yá ọ̀rọ̀ tí ó nílò, bíi bíréékì, gíá, táyà àti kíkì. Ó tún fi ara ènìyàn ṣe òdiwọ̀n: ọkọ̀ a máa jí, a máa sùn, a máa mí, a máa wúkọ́, a máa mu epo, ẹ́ńjìnnì a sì máa kú. Ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúlò fún ìwádìí. Ọmọ iṣẹ́ tí ó gbọ́ pé ọkọ̀ ń wúkọ́ ti mọ̀ pé ohun tí ó ń wọlé ni kí òun wò, ìyẹn epo àti afẹ́fẹ́.

Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ bíi NABTEB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò ń bá a sọ. Ẹni tí ó lè fi etí lásán mọ bẹ́ríǹgì tí ó jẹ lè kùnà nítorí pé kò lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé èdè abínibí lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdí tí kò fi lè gbé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá lè kó àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí jọ láti ẹnu àwọn tí ń lò wọ́n, kí wọ́n sì ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà tí ọmọ iṣẹ́ lè kà.

10. Ìkádìí

Píkọ́ọ̀pù fóò-wíìlì àtijọ́ ṣì wúlò ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì nítorí pé ó ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìdí àìsàn nìkan ni ó lè tún un ṣe ní àtúnṣe gidi. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé òkè yìí ti fi hàn, ìdérí rédíétọ̀, wáyà tí ó dípẹtà, bẹ́líìtì tí ó dẹ̀ àti ihò èémí tí ẹrẹ̀ dí máa ń wọ aṣọ àìsàn ńlá. Ìbéèrè, ojú, etí, imú àti ọwọ́ ni ó ń bọ́ aṣọ náà kúrò lára wọn. Kí ọlọ́kọ̀ má ṣe bínú sí mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó kúkú ṣọ́ra fún èyí tí ó ti mọ ohun tí wọn yóò rà kí ó tó gbọ́ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀.